Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti àìsàn ìgbàgbé: àwọn ìbéèrè tó ń wọlé jù

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá, mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ wá èyí tó kàn yín.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gan-an?

Sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíńtín tí ojú lásán ò lè rí, ló para pọ̀ di gbogbo ara wa, awọ, ẹ̀dọ̀, egungun, gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́pọlọ níṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní núrọ́ọ̀nù dà bí igi, ó lẹ́ka lórí, ó tún ní gbòǹgbò gígùn kan nísàlẹ̀, ẹ̀ka yẹn ló fi ń gbọ́ ohun táwọn aládùúgbò ẹ̀ ń sọ, gbòǹgbò yẹn ló fi ń ránṣẹ́. Iná kékeré ló máa ń gba inú ẹ̀ kọjá, tó bá ti dé ìpẹ̀kun, á tú kẹ́míkà díẹ̀ sínú àlàfo tóóró tó wà láàárín òun àti èyí tó kàn, ìyẹn á gbà á, òun náà á tún fi ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ tó ń lọ lórí yín nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, 100 bílíọ̀nù ni gbogbo ayé ń sọ pé núrọ́ọ̀nù wa jẹ́. Obìnrin onímọ̀ kan ní Rio de Janeiro, Suzana Herculano-Houzel, ló ní òun á kà á. Ohun tó ṣe ni pé ó po ọpọlọ pọ̀ bí ẹni po ọbẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi dọ́gba, ó wá ka kókó inú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìwọ̀nba díẹ̀, ó fi ṣírò ìyókù. Lọ́dún 2009 wọ́n gbé e jáde: nǹkan bíi 86 bílíọ̀nù.

Ṣé núrọ́ọ̀nù nìkan ló wà níbẹ̀?

Rárá o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ tó núrọ́ọ̀nù níye, glia lorúkọ wọn, ọjọ́ pẹ́ táwọn onímọ̀ fi ń wò wọ́n bí ẹni tó kàn ń bá wọn gbé ẹrù. Ọ̀kan rí bí ìràwọ̀, òun ló ń bọ́ núrọ́ọ̀nù, tó sì ń tún àyíká ẹ̀ ṣe. Òmíràn máa ń fi ọ̀rá wé gbòǹgbò núrọ́ọ̀nù bíi rọ́bà ara wáyà iná kí iná má bàa jò. Ẹ̀kẹta ni microglia, sọ́jà ni, agbálẹ̀ ni, ó ń rìn káàkiri ọpọlọ, ó ń kó ìdọ̀tí, ó ń bá kòkòrò jà.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wá yí padà láìpẹ́. Lóṣù October 2023, àwọn onímọ̀ gbé máàpù sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ èèyàn jáde, wọ́n wo sẹ́ẹ̀lì tó lé ní mílíọ̀nù 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí wa lé ní 3,000. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé àìsàn kì í kàn gba gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ṣa sẹ́ẹ̀lì ni. Parkinson, àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, á lọ bá tiẹ̀, Alzheimer, oríṣi àìsàn ìgbàgbé kan, á lọ bá tiẹ̀. Tá ò bá mọ orúkọ ẹni tó ń kú, báwo la ṣe fẹ́ gbà á là?

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìdá 10 nínú 100 ọpọlọ la ń lò?

Irọ́ ni. Gbogbo ẹ̀ là ń lò, kódà lójú oorun. Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, àmọ́ ó ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò.

Mo máa ń gbàgbé ibi tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ sí, ṣé mo ti ń ṣarán nìyẹn?

Gbogbo wa là ń gbàgbé ibi tá a gbé kọ́kọ́rọ́ sí, pàápàá tí oorun ò bá tó tàbí tí ìrònú pọ̀. Èyí tó yẹ kó dá ẹ̀rù bani ni kéèyàn mú kọ́kọ́rọ́ dání kó má mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́. Kí ìyá tó ti ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láti ogójì ọdún dúró sídìí ààrò kó má mọ èyí tó yẹ kóun kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò. Kéèyàn sọnù lójú ọ̀nà ilé ara ẹ̀, kó máa béèrè ìbéèrè kan náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé Alzheimer ni sá, ẹ lọ rí dókítà, torí àwọn nǹkan míì wà tó ń fa ìgbàgbé tí wọ́n sì lè wò sàn: fítámì B12 tó dín kù, ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dù inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn kan tẹ́ ẹ ń lò, kódà ẹ̀jẹ̀ tó dà sórí lẹ́yìn tí àgbàlagbà bá ṣubú. Tí orí àgbàlagbà bá kàn dàrú lójijì láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, kì í ṣe bí Alzheimer ṣe máa ń wá nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibà tàbí àrùn ilé ìtọ̀, ẹ tètè gbé e lọ ọsibítù.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá dàgbà ló máa ṣarán?

Rárá. Ọjọ́ orí ló ń mú kó súnmọ́ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn ni, kì í ṣe owó ibodè tí gbogbo arúgbó gbọ́dọ̀ san. Ṣebí a mọ àwọn bàbá tó lé ní 90 ọdún tí wọ́n ṣì ń parí ìjà ilẹ̀ ní àdúgbò, tí wọ́n á dárúkọ ẹni tó talẹ̀ àti ọdún tó tà á. Gbólóhùn náà “ogbó ló ń dà á láàmú” ló pa ọ̀pọ̀ ìyá wa lára, torí ẹni tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò mọ́.

Wọ́n ní ayé ló ń bá ìyá wa jà, àwọn míì tiẹ̀ ń pè é ní àjẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́ pé àìsàn ni. Ẹni tó bá ní ìgbàgbé, ọ̀sán àti òru máa ń dà rú mọ́ ọn lójú, ìdí nìyẹn tó fi lè ṣílẹ̀kùn lágogo méjì òru kó máa rìn lọ. Oríṣi kan sì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Lewy body, tó máa ń jẹ́ kéèyàn rí nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó lè ní òun rí àwọn ọmọ kéékèèké níyàrá, kó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá wá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé “ṣé ìwọ lo pa lágbájá?”, ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, torí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í mọ́, ó kàn ń fẹ́ kí ariwo tán.

Wọ́n ti lu àwọn ìyá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dùn mí dé egungun. Ẹ gbàdúrà, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ìyá yín mọ́lẹ̀ tàbí kó fi ebi pa á nítorí ìwòsàn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́pọlọ ẹni tó ní Alzheimer?

Lọ́dún 1901, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter wá sí ọsibítù ní Frankfurt, ní Jámánì, ẹni ọdún 51 ni. Tí wọ́n bá ní kó kọ orúkọ ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, kò ní lè parí ẹ̀, ó sì sọ fún dókítà pé òun ti sọ ara òun nù. Alois Alzheimer ni dókítà yẹn. Nígbà tí obìnrin náà kú lọ́dún 1906, ó wo ọpọlọ ẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkópù, ó sì rí ohun méjì tá a ṣì ń sọ títí dòní.

Èkíní, èérí tó lẹ̀ káàkiri àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, purotéènì tí wọ́n ń pè ní amyloid ni. Èkejì wà nínú núrọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀, tau lorúkọ ẹ̀. Ẹ wo igi tí bíríkìlà máa ń gùn tí wọ́n bá ń kọ́lé, okùn ni wọ́n fi ń so ó pọ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ wà nínú núrọ́ọ̀nù, orí ẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà lọ sí ìpẹ̀kun gbòǹgbò, tau sì ni okùn ibẹ̀. Nínú Alzheimer, okùn yẹn á tú, á lọ́ mọ́ra wọn, àwọn igi á wó, oúnjẹ ò ní dé ibi tó ń lọ, sẹ́ẹ̀lì á sì kú.

Ohun tí ìwádìí ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí fi kún un ni ti microglia, agbálẹ̀ tí mo sọ lókè yẹn. Tí èérí bá pọ̀ jù fún un, á bínú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibi tí àwọn núrọ́ọ̀nù ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tá a jogún látọ̀dọ̀ òbí, tí wọ́n rí pé ó ń mú kí Alzheimer súnmọ́ni, bíi TREM2, inú microglia yìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Fún èmi o, ibí yìí ni mo rò pé oògùn tó máa ṣiṣẹ́ jù ṣì máa ti jáde.

Màmá rántí oríkì ìdílé látòkè délẹ̀, àmọ́ kò rántí pé òun ti jẹun. Ṣé kì í ṣe pé ó ń díbọ́n?

Kò díbọ́n. Ìyá mi àgbà náà rí bẹ́ẹ̀. Á kì mí, á kì bàbá mi, á kì bàbá tó bí bàbá mi, ohùn ẹ̀ á máa lọ geere, lẹ́yìn náà á wò mí lójú á ní, “Ọmọ ta ni ẹ́, jàre?” Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Apá kan wà nínú ọpọlọ, hippocampus, kò ju ìka ọwọ́ lọ, ibẹ̀ ni ìrántí tuntun máa ń kọ́kọ́ wọlé sí, ó sì wà lára ibi tí Alzheimer ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìrántí àtijọ́ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ó ti tàn ká ara ọpọlọ, pàápàá ohun tó bá ní orin tàbí ìlù nínú. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ àárọ̀ fi lọ tí oríkì fi kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ara ẹ̀ balẹ̀, ẹ kọrin tó mọ̀ fún un, ẹ má bá a jiyàn pé ó ti jẹun.

Rọpárọsẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ?

Ó ń pa á kíákíá ju gbogbo èyí tá a ti ń sọ lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé apá kan nínú ọpọlọ, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé núrọ́ọ̀nù tó ń kú láàárín ìṣẹ́jú kan péré tó mílíọ̀nù 1.9. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́ fún èèyàn. Tí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, ẹ má da àgbo tàbí òróró sí i lẹ́nu o, torí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọsibítù lẹ máa gbé e lọ.

Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí SIREN ní Nàìjíríà àti Ghana, tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣáájú wọn, fi àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ tó lé ní 2,000 wé àwọn tí kò ní in. Wọ́n gbé èsì jáde lọ́dún 2018: nǹkan 11 ló wà nídìí fẹ́ẹ̀ẹ́ tó gbogbo ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń bù sóúnjẹ lórí tábìlì wà níbẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ewébẹ̀. Àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ ni rọpárọsẹ̀ ń mú jù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó wà lọ́jà wa!

Mo gbọ́ pé wọ́n fi àwa Yorùbá ṣe ìwádìí kan nípa ìgbàgbé. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká máa fi yangàn. Ní nǹkan bí 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Adesola Ogunniyi wà nídìí ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Hugh Hendrie wà nídìí ẹ̀ ní Indianapolis. Àwọn àgbà tó ti lé ní 65 ọdún ládùúgbò Ìdíkàn, n’Ìbàdàn, ni wọ́n fi wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Indianapolis l’Amẹ́ríkà, àwọn tí babańlá wọn tinú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá Ìdíkàn ò kàwé, wọn ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n ní láti fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi òyìnbó ò wúlò níbẹ̀, wọ́n wá ṣe èyí tí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè dáhùn: kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe, kí ni afárá.

Èsì jáde lọ́dún 2001. Nínú 1,000 àgbà, ẹni bíi 13 tàbí 14 ni ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan n’Ìbàdàn, ní Indianapolis ó tó 32. Ẹ̀jẹ̀ wa jọra, ayé tá à ń gbé ló yàtọ̀. Àmọ́ ẹ má sùn lé e o. Ọdún 1992 kọ́ la wà mọ́, ẹ wo ohun tá à ń jẹ àti bá a ṣe ń jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́.

Wọ́n ní oògùn Alzheimer ti jáde. Ṣé ó ń wò ó sàn?

Kò wò ó sàn. Méjì ló gbajúmọ̀, lecanemab tí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn l’Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí pátápátá ní July 2023, àti donanemab tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà á sí, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti kó èérí amyloid yẹn kúrò, ó sì ń kó o lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dán lecanemab wò lára ẹni tó tó 1,795 fún oṣù 18, ìgbàgbé ṣì ń bá wọn lọ, ó kàn rọra rìn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ ni, ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ ìdá 27 nínú 100.

Ẹni tí ìgbàgbé ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà fún. Ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ẹ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe skáànù MRI tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ léraléra. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé lecanemab l’Amẹ́ríkà jẹ́ $26,500 lọ́dún kan. Tí ẹnì kan bá ní òun lóògùn tó ń wo ìgbàgbé sàn fún ₦50,000 lórí fóònù, ẹ sá fún un.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun yẹn ńkọ́?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó jáde láìpẹ́. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá amyloid wà lórí èèyàn, wọ́n á fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n lo skáànù PET tówó ẹ̀ ga. Wọ́n ti wá rí i pé tau kan tí wọ́n ń pè ní p-tau217 máa ń jò wọnú ẹ̀jẹ̀, ní May 2025 FDA fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń lò ó.

Ẹni tó ti ń rí àmì, tó sì ti tó ọdún 55, ni wọ́n ṣe é fún. Tí ara yín bá le, ẹ má lọ wá wàhálà nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ṣé lóòótọ́ ni pé jíìnì Parkinson kan wà tó jẹ́ tiwa?

Bẹ́ẹ̀ ni. Parkinson ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn, ń kú. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wá jíìnì ẹ̀, àmọ́ ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti ń wá a jù. Lọ́dún 2023 ni àwọn onímọ̀, Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà àtàwọn tó ṣẹ̀ wá láti ibẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì rí ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára òyìnbó rárá.

GBA1 ló ń ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fọ́ ìdọ̀tí ọ̀rá. Tara àwọn òyìnbó máa ń sọ ohun náà di aláìpé, tiwa yìí ò bà á jẹ́, ó kàn ń dín iye ẹ̀ kù ni. Ẹni tó gba ẹyọ kan látọ̀dọ̀ òbí, ewu ẹ̀ tó ìlọ́po 1.5, ẹni tó gba méjì, ìlọ́po 3.5. Ọ̀pọ̀ tó ní in ò ní ṣàìsàn yìí láéláé. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá wá sọ́dọ̀ wa, wọn ì bá má rí i, oògùn tí wọ́n bá sì ṣe láìwo tiwa lè má bá wa mu.

Ṣé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ti kú lè hù padà? Ṣé wọ́n lè gbin tuntun?

Èyí tó ti kú ti kú. Ṣùgbọ́n bóyá àgbàlagbà ṣì ń bí tuntun, ìjà ńlá nìyẹn láàárín àwọn onímọ̀. Lọ́dún 1998 wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún 2018 àwọn míì ní àwọn ò rí nǹkan kan, lóṣù July 2025 Jonas Frisén àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Sweden tún fi hàn pé àwọn rí ìyá sẹ́ẹ̀lì tó ń bí núrọ́ọ̀nù nínú hippocampus àgbàlagbà, àwọn kan ní púpọ̀, àwọn kan ò ní.

Ti gbígbìn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Shinya Yamanaka ti Japan ló rí ọ̀nà láti yí sẹ́ẹ̀lì awọ ara padà sí bó ṣe wà kó tó di awọ, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2012. Ní April 2025, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kyoto ní Japan gbé èsì ẹni 7 tó ní Parkinson jáde tí wọ́n gbin irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sí lórí, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Canada náà gbé ti ẹni 12 jáde, tiwọn wá láti ara sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀. Kò pa wọ́n lára, skáànù sì fi hàn pé dopamine ń jáde. Ẹni 19 péré lápapọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún gbogbo wọn o, èyí tí wọ́n ń tà káàkiri ní lẹ́búlẹ́bú inú ike tí wọ́n ń pè ní stem cell kì í ṣe òun rárá.

Bàbá mi ní Alzheimer. Ṣé èmi náà máa ní in?

Kò dájú. Jíìnì tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á máa ṣàìsàn náà ni tipátipá wà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an, nínú irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀, àìsàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé 60 ọdún. Èyí tó wọ́pọ̀ ni APOE4, ó ń fi kún ewu, kò ní kó dandan.

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu n’Ìbàdàn nìyí: APOE4 pọ̀ lára wa, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wò ó, wọn ò rí i kó so mọ́ ìgbàgbé. Ìgbà tí wọ́n wò ó pẹ́ títí, tí iye èèyàn ti pọ̀ sí i, ni wọ́n tó rí i lọ́dún 2014 pé ẹni tó gba ẹyọ méjì, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá, ló ń fara gbá a, kò sì le tó bó ṣe le lára òyìnbó. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ṣe àyẹ̀wò jíìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sọ ìwọ̀n ewu yín fún yín, ẹ béèrè pé ẹ̀jẹ̀ àwọn wo ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọpọlọ òkú ṣe? Wọ́n ní ọsibítù kan n’Ìbàdàn ń gbà á.

Ilé ìpamọ́ ọpọlọ ni, Rufus Akinyemi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí létí Yorùbá, òkú wa gbọ́dọ̀ pé, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé wọ́n gé orí bàbá òun. Wọn kì í gé orí o. Wọn kì í ba ojú jẹ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á gbé òkú fún ẹbí, ẹ lè tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ kó má sẹ́ni tó mọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi nílò ẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ àti skáànù ń sọ díẹ̀, ọpọlọ fúnra ẹ̀ ló ń sọ ìyókù, gẹ́gẹ́ bí Alzheimer ṣe rí i lọ́dún 1906. Ìtàn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ayé ń kà, ara àwọn òyìnbó ló ti wá jù. Ìdí tí ìgbàgbé Ìdíkàn fi kéré sí ti Indianapolis, kò sí ibòmíì tá a ti lè rí i dájú ju inú sẹ́ẹ̀lì àwọn àgbà wa fúnra wọn lọ.

Wọn ò ní gba ti ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun tàbí ẹbí ẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́, kó sọ ọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀ nígbà tórí ẹ̀ ṣì pé, kó sọ ọ́ létí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí tó bá dìgbà tí ìgbàgbé ti wọlé, àwọn ọmọ ló máa jókòó sí pálọ̀ láti pinnu, ẹ̀gbọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò á ní rárá.